Wáyà Ọrùn Bàbá Mi

Ọjọ́ tí wọ́n tún ọrùn bàbá mi ṣe ni ojú tì mí jù láyé mi. Káfíńtà ni bàbá mi. Orí òrùlé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló ti já bọ́, kò sì lè gbé ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kékeré kan ṣàlàyé fún ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi: "Màmá, egungun ọrùn wọn ló yẹ̀. Dókítà máa fi wáyà so ọrùn wọn."

Ìyá àgbà fò sókè. "Ẹ fẹ́ so ọmọ mi rọ̀ bí apààyàn? Ta ló pa? Ẹ gbà mí o!" Ó já fìlà nọ́ọ̀sì dànù. Gbogbo wọ́ọ̀dù ń wò wá. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlẹ̀.

Bàbá mi sọ̀rọ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì: "Màámi, egungun ni wọ́n fẹ́ so pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó."

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, tó jí, ìka ọwọ́ rẹ̀ mì. Ìyá àgbà rí i, ló bá bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ ń bẹ nọ́ọ̀sì tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ta gìrì, òun náà kúnlẹ̀.

Bàbá mi kò lè yí ọrùn wò wọ́n. "Ta ló ń sunkún nílẹ̀ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni. Àwa tí ọrùn wa dá ṣáṣá, ńṣe la gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.