Ìkòkò Tábà Tí Búọ̀dá Ràṣídì Fọ́

Ọjọ́ tí èmi àti Búọ̀dá Ràṣídì, àbúrò bàbá mi, lọ wá ohun àtijọ́ létí odò Ọ̀yún ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà. Búọ̀dá gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin dání, ó ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi fọwọ́ wa ẹrẹ̀, mo sì rí ìkòkò tábà alámọ̀ kékeré kan tí wọ́n fín ìlà sí lára.

“Búọ̀dá, ẹ wò ó! Àwọn baba ńlá wa ló fi mu tábà!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Amọ̀ lásán! Wúrà là ń wá.” Ó là á mọ́ òkúta, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo figbe ta.

Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ké. Ó kúnlẹ̀, ó ń gbẹ́lẹ̀, òógùn ń bọ́. Agolo sadíìnì ló yọ jáde. Ó ní ti àwọn òyìnbó tó la rélùwéè ni. Àwòrán ẹja ara rẹ̀ kò tíì ṣá!

Mo ṣa àwọn àfọ́kù náà sínú híjáàbù mi, mo sì dì wọ́n mọ́ra títí a fi dé Ọ̀fà. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, nítorí pé ó jù mí lọ. Kò sí ìdí mìíràn.