Àwọn Ìlà Kóòdù Tí Wọ́n Fi Pamọ́ Fún Mi

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìdímù pè mí. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń ṣe. Bí fíríìjì bá gbóná, ẹ̀rọ náà á fi ìròyìn ránṣẹ́ sórí fóònù nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tèmi ni ètò orí kọ̀ǹpútà kan: a ó fi ìlà díẹ̀ ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú ìròyìn náà fún un, òun á sì fúnra rẹ̀ kọ gbogbo kóòdù tí ẹ̀rọ nílò, ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C, láti di ìròyìn náà ránṣẹ́ àti láti tú u. Mo fẹ́ràn ètò yẹn bí ẹní fẹ́ràn àbíkẹ́yìn.

Ọmọbìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló jókòó sí tábìlì kejì. Òun ló ń gba kóòdù tí ètò mi bá kọ, tó ń kó o sínú ẹ̀rọ. Láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi. Bí mo bá ní, "Kóòdù ńkọ́?" á ní, "Ó dáa gan-an, sà." Odindi ọdún kan, ó dáa gan-an, sà.

Ní yunifásítì wa láyé ọjọ́un, orí páálí oníhò la ti ń kọ̀wé sí kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ wa á na páálí rẹ sókè lójú gbogbo kíláàsì, á ní, "Ta ló kọ ìranù yìí?" Ojú á tì ọ́, àmọ́ wàá mọ ibi tó o ti ṣìnà kí ọ̀sán tó pọ́n. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí.

Mo tún ètò náà ṣe kí kóòdù rẹ̀ lè fúyẹ́, torí àyè inú ẹ̀rọ kéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò. Nígbà tó parí, mo ní kó tún gbogbo kóòdù kọ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì fúnra mi fi ránṣẹ́ sínú àwọn ẹ̀rọ, torí ọmọbìnrin náà ti gba ìsinmi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi dùn dé ilé.

Lọ́jọ́ Ajé tí ọmọbìnrin náà padà dé, nọ́ọ̀sì kan pè láti ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ìgándò.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín ti kú láti ọjọ́ Jímọ̀. Fíríìjì gbóná, a ò mọ̀. A ti da gbogbo abẹ́rẹ́ nù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ó wá wò ó."

"Ẹ máa bọ̀ wá wò ó jàre. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kún ìta báyìí. Kí n ní kí wọ́n máa lọlé, pé bàbá kan ní Ìdímù ṣì ń kọ́ kọ̀ǹpútà, àbí?"

Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ọmọbìnrin náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, sà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìròyìn tí kò tíì lọ á pọ̀ ju ogún tí àyè inú ẹ̀rọ gbà. Kóòdù yín kì í ka iye wọn kó tó kó wọn síbẹ̀, ẹ̀rọ á sì kú. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ kọ ìlà tó ń ka iye wọn kún un."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti dé, sà."

"O ò sì sọ?"

"Ẹ tó bàbá tó bí mi lọ́mọ, sà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé iṣẹ́ yín ò pé?"

Ètò mi ti tún kóòdù kọ, ó sì ti pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Mo bú u títí ohùn mi fi há. Ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ó ti fi ọ̀wọ̀ bò mí bí ẹní faṣọ bo òkú. Inú tún bí mi sí ara mi: odindi èmi tí mo kàwé, mi ò ṣí kóòdù tó ń wọ inú ẹ̀rọ wò rí. Ìyìn ti tó mi jẹ. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wá ń pọnmọ padà sílé nínú oòrùn.

"Dìde!" mo ní. "Mélòó ló kù tó ò ń fọwọ́ tún ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Ó tó mẹ́fà, sà."

"Mẹ́fà!"

Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. "Jókòó síbí. Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó burú jù. Bó o bá tún pè mí ní sà ká tó parí, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì yẹn."

Ó jókòó sí etí àga.

"Bí fíríìjì bá tutù kọjá òdo, kóòdù yín máa ń parọ́ pé ó gbóná."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bíírò mi ya ìwé náà.

"Òmíràn ńkọ́?"