Ìwé Tí Aládùúgbò Mi Kà Sókè

Àyà mi ti ń já láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Obìnrin ará Àlgéríà tó ń gbé fúláàtì òkè wa fẹ́ ka ìwé rẹ̀ tuntun fáwọn èèyàn ní láíbìrì Peckham, ní London níbí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbọ́, wọ́n ní dandan ni káwọn bá mi lọ. "Ṣé kì í ṣe aládùúgbò rẹ ni? Jẹ́ ká lọ yẹ́ ẹ sí." Kí ni kí n wí? Ta ló bí mi dáadáa tí màá ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sílé?

Olùkọ́ ni obìnrin náà nílùú wọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí ohun tójú obìnrin ń rí nílé ọkọ. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sọ òkúta lu fèrèsé rẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò dákẹ́. Nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń kọ ọ́ títí dòní, pẹ̀lú tíì gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ilé ìdáná yẹn ni mo ti la ẹnu mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo sọ pé ọkọ mi ń nà mí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tí kì í kọ nǹkan sílẹ̀ kì í gbàgbé. Ojoojúmọ́ là ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má tú àṣírí wa, èmi wá ru tèmi lọ bá ẹni tó ń fi àṣírí jẹun. Ọ̀dẹ̀ ni mí!

Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá mọ̀ pé mo gbé ọ̀rọ̀ àbúrò wọn síta, mo dáràn. Àwọn ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé London pé ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni. Ìpè kan ṣoṣo sí Ìbàdàn, gbogbo ẹbí á dìde sí mi. Ohun tí ọkọ mi á ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fẹ́ rò ó.

Bá a ṣe ń gba Rye Lane kọjá, wọ́n ń pe gbogbo ẹni tá a mọ̀: "Aládùúgbò wa ti kọ̀wé o! Ẹ máa bọ̀!"

Ní láíbìrì, wọ́n jókòó tì mí. Obìnrin náà wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyàwó kan wà nínú ìtàn náà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ń tú bẹ́líìtì, ìyàwó náà á sáré lọ ṣí ẹ̀rọ omi kó máa pariwo, kí aládùúgbò má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Yéè! Èmi rèé. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ fún un. Òógùn bò mí, mi ò lè wo ọ̀tún, mi ò lè wo òsì. Mo ti ń to irọ́ tí màá pa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n sún ẹnu mọ́ mi létí.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ta ló sọ ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ tèmi fún obìnrin yìí?"