Àdúrà Tí Ìyàwó Mi Túmọ̀ ní Oǹdó

Òórùn fínígà àti gálíìkì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà náà, nínú ilé wa lójú ọ̀nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin kan tó wá láti ilẹ̀ Fílípíìnì ló ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, bí wọ́n ṣe ń se adìyẹ nílùú wọn nìyẹn. Òórùn náà a gba ojú fèrèsé wọlé títí dé orí ibùsùn. Ìyàwó mi a yọrí síta, a ní, "Ọmọ mi, ṣé adìyẹ lò ń sè ni, àbí ò ń fọ ilé ìwẹ̀?" Ọmọ náà a fèsì pé kí Mọ́mì kọ́kọ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bú u. Kò sí Sátidé kan tí ìyàwó mi kò jẹ ẹ́.

Tíṣà ni ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá àwọn kan ṣe ọ̀nà ló mú un wá. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà parí, ẹ̀gbọ́n padà sílé, òun dúró. Ó ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà nílùú wọn kó tó fi í sílẹ̀, tó lọ ń fi òru ṣe ọ̀sán nídìí fóònù, tó ń dá àwọn oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè lóhùn. Ìyẹn náà sú u. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣẹ́ tíṣà náà ló tún rí. Ó sọ fún mi nígbà kan, ó ń rẹ́rìn-ín, pé iṣẹ́ tí òun sá fún ló ti ṣáájú òun dé Àkúrẹ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń jáde, pẹ̀lú báàgì tí ìwé àwọn ọmọ kún inú rẹ̀. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ni yóò jókòó sí, á bọ́ bàtà, á mí kanlẹ̀. Ìyàwó mi a gbé omi tútù lọ fún un, a jókòó tì í, àwọn méjèèjì a sì máa wo ògiri bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwa kò bí ọmọbìnrin. Àwọn ọmọkùnrin tí a bí ti lọ sókè òkun, ilé sì ti dákẹ́ kí ọmọ yìí tó dé. Òun àti ìyàwó mi jọ máa ń lọ sí Arakale lọ wo aṣọ tí wọn kò ní rà. Àwọn ọlọ́kadà a máa pè é, "Ṣáínà, ibo là ń lọ?" Òun náà a fi Yorùbá tí ìyàwó mi kọ́ ọ dá wọn lóhùn pé, "Ará Ọ̀dà ni mí o." Wọn a rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ilé wa, ọwọ́ ìyàwó mi ló mú, ó sì gbé e lé iwájú orí ara rẹ̀. Ìkíni àgbà nìyẹn nílẹ̀ wọn. Ìyàwó mi rọra kọ́ ọ pé níhìn-ín, ọmọdé kì í kọ́kọ́ nawọ́ sí àgbà, ìkúnlẹ̀ ni tiwa. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀, kódà fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta.

Nígbà tó ṣe, iṣẹ́ kan yọjú ní Èkó, iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọjà wọlé. Wọ́n ní kí ó fèsì kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó wọlé. Nígbà tó sọ fún wa, ìyàwó mi gbé ṣíbí kalẹ̀. Òun náà ti ṣe tíṣà kí ìjọba tó gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kò sì gbádùn ọ́fíìsì náà rí. Ó ní, "Fáìlì kò ní rí ẹ ní Arakale lọ́jọ́ kan kó sáré wá kí ẹ pé ẹ káàsán, mà." Ó ní tíṣà kì í fi ọmọ sílẹ̀ láàárín ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan ló fi ń sọ ọ́. Ní alẹ́ ó sọ fún mi pé ká mú un lọ kí ìyá òun ní Oǹdó. Ìyá yẹn fẹ́ràn tíṣà, ó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìyàwó mi sì gbà pé bí àgbà bá dá sí i, ọmọ náà yóò dúró.

A yà ní Bọ́lọ́rundúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí a dé Oǹdó, kòkó ni wọ́n sá síwájú ilé, òórùn rẹ̀ kan díẹ̀, ó sì wúwo. Ìyá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá lé adìyẹ. Bóyá ọjọ́ orí ìyá náà ló mú ọmọ yìí rántí ìyá ńlá tirẹ̀, n kò mọ̀. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ara rẹ̀, ó mú ọwọ́ Ìyá, ó sì gbé e lé iwájú orí. Ìyá kò kà á sí àìmọ̀wàáhù. Ó rò pé ó fẹ́ kí òun gbàdúrà fún un ni. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn lórí, ó kọ̀, kò gbé e kúrò.

Ó bi ìyàwó mi ní èdè Oǹdó pé, "Kí ló fẹ́ kí n bá a bẹ Ọlọ́run?"

Ìyàwó mi túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà pa ojú dé lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ṣe tíṣà mọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí n lè lọ láìsí ẹni tó ń bínú sí mi."

Ìyàwó mi dákẹ́. Ìyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà kò gbọ́ Oǹdó. Bí ó bá sọ pé àdúrà sùúrù ló fẹ́, tàbí àdúrà kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ dára sí i, Ìyá ìbá gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni ìbá mọ̀, nítorí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, mo ti gbọ́ èdè wọn tán. Ó wò mí. Kòkó ni mo ń wò.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kò dín ọ̀rọ̀ kan kù.

Ìyá ní, "Ta ló ń bínú sí i?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ náà wá kúnlẹ̀ níhìn-ín."

Ìyàwó mi, ìyá àwọn géńdé, tú gèlè rẹ̀ lé èjìká, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ìyá gbé ọwọ́ kejì lé òun náà lórí. Àdúrà náà kò gùn. Ó ní kí ẹni tó ń lọ lọ ire, kí ẹni tó ń dúró má ṣe jókòó dí i lọ́nà. Ó wá ní kí wọ́n dìde, pé iyán ti ń tutù.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ náà sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ìyàwó mi ní, "Mo lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi ni. Wọ́n kàn ní kí n bá wọn gbé e kọjá ni." Kí oṣù tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló bá ọmọ náà di ẹrù, tó sì tẹ̀lé e dé gáréèjì. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ṣófo láti ìgbà náà. A kò tún fi í fún ẹnikẹ́ni.

Àìsàn ìyàwó mi dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò sì yára lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, àwọn ará ìjọ kún pálọ̀ wa, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó gbé e dìde. Ó ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ mí. Kí wọ́n má dá mi dúró mọ́."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Gbogbo wọn gbójú sókè wò mí. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa bá mi bẹ̀, mo sì lè sọ pé ohun tí òun náà ní kí n sọ nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ tó gbé kọjá ní Oǹdó ti wúwo tó, tó fi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ènìyàn ló yẹ kó bá a gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ibi tó ń lọ, nítorí pé ẹlòmíràn lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe sọ ọ́. Àgbà kan nínú wọn bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kí á jọ dákẹ́ díẹ̀. Láti inú yàrá, a gbọ́ tí ìyàwó mi mí kanlẹ̀, bí ẹni tó bọ́ bàtà.