Ìdajì Bọ́ọ̀lù Tí Bàbá Mi Fún Mi

Pẹtiróòlù àti ẹja yíyan ni èbúté Ìgbókòdà máa ń rùn láàárọ̀, òórùn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ènìyàn títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Òórùn yẹn wà lára èmi àti bàbá mi lọ́jọ́ tí a gòkè lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo mọ̀ nítorí pé ọmọkùnrin kan yínmú sí wa nínú mọ́tò, ó sì ṣí fèrèsé gbayawu. Mi ò bínú sí i. Inú mi ń dùn ju ìyẹn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìbínú tí mò ń gbé kiri di òní, ọ̀sán ni mo tó rí i gbà.

Àwóyè ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ibẹ̀ ló ti ń dẹ àwọ̀n láti kékeré, ibẹ̀ náà sì ni òkun ti jẹ ilé wa lẹ́ẹ̀mejì tí a ń sún sẹ́yìn. Nínú gbogbo ìsúnkiri yẹn, rédíò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Bí wọ́n bá ti ń sọ bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ wa lórí rédíò, kí ẹnikẹ́ni má wá bá a sọ̀rọ̀ owó tàbí ti àìsàn. Ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ju orúkọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń rọ́ lọ sí ilé ìwòran láti wo bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó, á ní kí wọ́n máa lọ, pé òun ò mọ ará ibẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kò fi ojú ara rẹ̀ rí pápá tí wọ́n ti ń gbá a rí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ti òsì ti lọ tán, ti ọ̀tún sì ti ń rí nǹkan bí ẹni tó ń wo inú èéfín. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Bàbá mi yíjú sí mi, ó ní, "Ọma mi, mú mi lọ wo bọ́ọ̀lù kan kí èyí tó kù yìí tó lọ." Kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi lọ́dún náà.

Ìwọ ọmọ etí òkun tí ò ń ka èyí, ìwọ náà mọ ohun tó ń náni láti etí òkun dé ìlú òkè. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé Ìgbókòdà, mọ́tò dé Òkìtìpupa, mọ́tò mìíràn láti ibẹ̀, kí ènìyàn tó wá ronú oúnjẹ. Ìyàwó mi ta gbogbo edé gbígbẹ tó ti ń kó jọ fún oṣù méjì, kò sì ráhùn. Mo ti fi fóònù bi ẹnìkan ní iye tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà owó ènìyàn méjì wà lápò mi géérégé, owó ìpadà sì wà nínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Bàbá mi dé fìlà tó máa ń dé lọ sípàdé ẹbí. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí a lọ, mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Àwọn tó ṣe é mọ ara wọn.

Ó ku bíi wákàtí kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a dé géètì. Ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sẹ́yìn irin, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo na owó ènìyàn méjì sí i, ó sì ya tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo fún mi. Mo ní àwa méjì ni. Ó ní ìlọ́po méjì ni wọ́n ń gbà lónìí, nítorí ẹgbẹ́ ńlá ló wá bá wọn gbá. Mo ní ta ni wọ́n sọ fún? Ó ní, "Ṣé èmi ni mo pè yín wá ni?" Bàbá mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ó ní láti etí òkun la ti wá, ó ní kó jọ̀wọ́. Ọmọ tí bàbá mi lè bí lẹ́ẹ̀mejì yìí ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá, ẹ yà fún àwọn tó lówó." Jíìpù mẹ́rin ló wọlé níṣojú mi bí a ṣe dúró níbẹ̀, kò sì sí èyí tó dúró sanwó. Wọ́n ní ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ. Igi tiwọn rọ̀rùn dáadáa lọ́jọ́ náà, àwa ẹyẹ la wà lójú oòrùn.

Owó inú ìbọ̀sẹ̀ mi ò ṣeé fọwọ́ kàn, àfi tí a bá fẹ́ sùn síta nílùú onílùú. Mo ní kí bàbá mi wọlé. Ó kọ̀ jálẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà kó tó gbà. Mo bẹ obìnrin kan tó ń wọlé lọ pé kó bá mi fà á lọ́wọ́ dé orí ìjókòó, obìnrin náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Èmi lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò kan ní òdìkejì títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta píọ́ wọ́tà.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo sì ṣàdédé rí fìlà bàbá mi láàárín wọn. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é, mo sáré pàdé rẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bọ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ègé tíkẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́. "Mo ti wo tèmi. Ùwọ ló kù."

Ìwọ tí o ti kúrò lómi láti kékeré, o lè ti gbàgbé. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹni méjì bá wà nínú ọkọ̀ kan, ẹnìkan kì í tukọ̀ náà débi tí wọ́n ń lọ. Tí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, ẹni tó mú àjẹ̀ á gbé e fún ẹnìkejì, á jókòó, á sinmi. Kò sí ẹni tó ń béèrè, kò sì sí ẹni tó ń dúpẹ́. Ohun tí bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹni méjì, bọ́ọ̀lù tó pín sí méjì: lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tún nílò àlàyé kankan.

Mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi, mo sáré lọ sí géètì. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wo ègé náà, ó jù ú sílẹ̀. "Ẹni tó bá ti jáde ti jáde." Mo ní ẹni tó ni ín ló fún mi. Ó ní kí ẹni náà lọ ra òmíràn. Mo ní ó dáa, èmi ò wọlé mọ́, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí bàbá náà padà sáyè rẹ̀. Ó ní bàbá náà ti jáde. Láti ibi tí mo dúró, mo ń wo ìjókòó abẹ́ ìbòòrùn tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn èèyàn pàtàkì, àwọn tó wá nínú jíìpù nìkan ló wà níbẹ̀, ìyókù ṣófo láti òkè délẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkùnrin náà tí mi ò lè kọ síbí. Ọlọ́pàá kan fi ìdí ìbọn tì mí kúrò níbẹ̀.

Mo wẹ̀yìn. Bàbá mi kọjú sí géètì láti abẹ́ igi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀. Ó ti gbà pé mo wà nínú, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mi ò lè lọ bá a kí n sọ pé wọ́n lé mi. Mo yí gba ẹ̀yìn ògiri, mo dúró síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, mo sì ń gbọ́ ariwo àwọn tó wà nínú. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n tú, ariwo kan sọ tó gùn. Mo bi ọlọ́kadà kan tó gbé rédíò sétí, ó ní àwọn onílé ló gbá a wọlé.

Mo dà pọ̀ mọ́ èrò nígbà tí wọ́n ń jáde, mo sì lọ bá bàbá mi. Ó di ọwọ́ mi mú. "Báwo ló ṣe wọlé?"

Mo ní ọmọ kúkúrú kan ló gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó yẹ ẹni méjì sílẹ̀, ó sì gbá a sí igun.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní òsì ni. Bàbá mi pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó ní òun ti mọ̀, pé ọmọ kúkúrú yẹn ti ń wá góòlù láti ìdajì tòun. Títí a fi dé Òkìtìpupa ló ń sọ tirẹ̀, tó ń ní kí n sọ tèmi, èmi náà sì ń hun irọ́ náà lọ. Kó tó di àmọ́dún, ojú ọ̀tún náà lọ.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ tí ọ̀gá kan nídìí bọ́ọ̀lù ń ṣàròyé lórí rédíò pé àwọn ará ìlú kì í wá sí pápá mọ́, pé bọ́ọ̀lù òyìnbó ló ti gba ọkàn wa. Mo pa rédíò náà kí n má baà fọ́ ọ. Ta ló lé wa? Àwọn tó jẹ́ kí ìjókòó ṣófo kí akúṣẹ̀ẹ́ má baà jókòó sórí rẹ̀, àwọn náà ló ń wá wa kiri báyìí. Kí wọ́n máa wá wa lọ. Mi ò tíì fún géètì pápá kankan ní kọ́bọ̀ láti ọjọ́ náà, mi ò sì ní fún un.

Bàbá mi ṣì wà. Tí àlejò bá wá kí i, á sọ ìdajì tirẹ̀, á wá pè mí kí n wá sọ tèmi. Ó ti wá mọ tèmi ju tirẹ̀ lọ. Tí mo bá fo ibì kan, á bá mi fi sí i. Ó ti ṣe mí lọ́pọ̀ ìgbà bíi kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé lásán ni òun dìde kúrò nídìí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí òun wò láyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin òun, kí n dìde níwájú ẹbí, kí n sọ bọ́ọ̀lù tí àwa méjèèjì jọ wò. Mo ní màá sọ ọ́. Màá dúró ti pósí bàbá mi, màá sì purọ́, nítorí géètì kan tí kò jẹ́ kí ẹni méjì wọlé.