Ife Kọfí Ọba Rọ́ṣíà Tí Mo Pè Ní Àwo Lásán

Ife tánganran mẹ́fà ni, àwo pẹrẹsẹ mẹ́fà, àti ìkòkò kọfí kan tí imú rẹ̀ gùn bí ọrùn lékèélékèé. Rọ́ṣíà ni bàbá mi ti kàwé, ọwọ́ opó kan ló ti rà wọ́n níbẹ̀. Adé wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmì àwọn tó ń mọ àwo fún ọba wọn àtijọ́. Nílé wa l'Ówu, èmi nìkan ni Bàbá ń jẹ́ kó fọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó mu kọfí nínú wọn rí.

Nígbà tí Bàbá kú, a ní lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ la máa pín ẹrù. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, èmi sì ni ìkẹta. Mo fẹ́ àwọn ife yẹn ju ilẹ̀ Bàbá tó wà l'Ódẹdá lọ. Ẹlòmíràn ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n dúró títí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo wá rọra sọ pé, "Ẹ má da ara yín láàmú. Àwo lásán ni. Irú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà."

Wọ́n gbà mí gbọ́. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ fídáù, ife oníke tí a tẹ àwòrán Bàbá sí, tí a fẹ́ fún àwọn tó bá wa dáná, kò kárí. Obìnrin mẹ́fà ni kò rí gbà. Ibi tí mo ti lọ ra omi ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi rántí àwo lásán. Ìyá àgbàlagbà kan ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn ife Rọ́ṣíà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó o. Iyọ̀ ni màá máa bù sí i."

Mo ní kó bá wa lò ó pẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? A kì í gba ẹ̀bùn padà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí títí. "Ṣebí ìwọ lo ní àwo lásán ni?" Ó wá gbé ìkòkò kọfí náà lé mi lọ́wọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Láti ìgbà náà, mo ń kí àwọn obìnrin mẹ́fà yẹn ju bí mo ti ń kí ẹbí mi lọ. Wọ́n ń yìn mí pé mo mọ ọmọlúàbí. Ife márùn-ún ló kù. Ẹni tí tirẹ̀ fọ́ bẹ̀ mí, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, àwo lásán ni.

Láràárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo máa ń po kọfí sínú ìkòkò ọba Rọ́ṣíà, màá sì dà á sínú ife oníke. Bàbá á máa wò mí lára rẹ̀ títí màá fi mu ún tán.