Pọ́ọ̀nù Rájí, Ẹja Kúbúrá

Rájí, mẹkáníìkì àdúgbò wa ní Gbégamey, kì í purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó pa á, inú ọkọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí àṣírí tú, orúnkún mi ọ̀tún sì ń rántí rẹ̀ títí dòní bí òjò bá ti ṣú.

Ọmọ Ṣakété ni, ọkùnrin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Lójú rẹ̀, kò sí mẹkáníìkì mìíràn tó mọ iṣẹ́ ní Kútọnú. Bí ó bá jẹun alẹ́ tán, a máa fi ẹnu ṣe ohùn gbogbo ọkọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bà jẹ́. Ògiri kan ló là wá láàárín, nítorí náà èmi olùkọ́ a máa dá nìkan rẹ́rìn-ín lórí ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ohùn tó fẹ́ràn jù ni ti pọ́ọ̀nù tí wọ́n sùdé. Pọ́ọ̀nù ni àpótí irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì, òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Bí ọkọ̀ bá ń yà, a gba ẹsẹ̀ tòde láyè kó sáré ju ti inú lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá rì sínú yanrìn, òmùgọ̀ àpótí yìí a kó gbogbo agbára fún èyí tó ń yí lásán, èyí tó lè ṣiṣẹ́ a sì jókòó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi iná jó irin inú rẹ̀ pọ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa yí bákan náà. Ìyẹn ni sùdé. Nínú yanrìn, ó dára. Lórí títì ọlọ́dà, bí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, táyà a máa ké. "Ììììn! Ììììn!" ni Rájí á máa ṣe. "Ẹ gbọ́ àgbò tí wọ́n so lẹ́sẹ̀!"

Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ ń ra ẹja létí òkun ní Sèmè, ó ń yan án tà. Píjò bàṣé kan, onítapólì lẹ́yìn, tí Rájí fi òkú ọkọ̀ méjì tò pọ̀, ni wọ́n fi ń kó o. Láàárín oṣù kan, bàṣé rì sínú yanrìn lẹ́ẹ̀mejì, oòrùn mú ẹja, ẹja rà. Kúbúrá kò pariwo. Ó ń bu ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ní: "Bàbá Sàrátù, bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ Àkàndé ni n ó kó ẹja mi sí."

Rájí ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àkàndé ní Lándìrófà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Àkàndé yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ tọrọ Kúbúrá kí Rájí tó dé.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Adébáyọ̀, tó ń ta àlòkù irin ní Agblangandan, ní pọ́ọ̀nù kan tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ eré ìje. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ a máa fún mọ́ra tí ẹsẹ̀ kan bá ń yí lásán, wọn a fa agbára lọ fún èkejì. Tí ọkọ̀ bá ń yà, wọn a dẹ̀. Ṣùgbọ́n Adébáyọ̀ kò fẹ́ owó. Mobilẹ́ẹ̀tì Rájí, alùpùpù kékeré rẹ̀, ló fẹ́. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé òun ni Rájí gùn lọ tọrọ Kúbúrá, àti pé ó gbà pé mobilẹ́ẹ̀tì náà ló jẹ́ kí òun fẹ̀yìn Àkàndé balẹ̀.

Ìgbà Ìyípadà ni, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámáráàdì. Lọ́jọ́ tí àdúgbò jáde lọ ro oko ìjọba, Rájí ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Nígbà tí a fi padà dé, ó ti wà lábẹ́ igi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Pọ́ọ̀nù ọkọ̀ eré ìje ti wọlé! Ọlọ́run ló tọ́ Adébáyọ̀ lọ́kàn, ó fi ta mí lọ́rẹ." Kúbúrá wo mobilẹ́ẹ̀tì tó ṣì fara ti ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi ní Sèmè, níbi tí mo ti ń kọ́ni. Bàṣé la inú yanrìn kọjá bí ọ̀bẹ tó ń gé ọṣẹ. Kúbúrá ń kọrin láàárín wa. A dé Akpakpa, a yà.

"Ììììn!"

Orin dúró. "Kí nìyẹn?"

"Bí ọkọ̀ eré ìje ṣe ń ké nìyẹn," ni Rájí wí, òógùn sì bò ó.

A dé Étoile Rouge, oríta ńlá olóbìírípo tó ní ìràwọ̀ láàárín. Afẹ́fẹ́ ti gbé yanrìn sórí ọ̀dà. Bí Rájí ti yí ọwọ́, ìdí ọkọ̀ ní òun ló fẹ́ ṣíwájú. Ó gbá wa yíká, orúnkún mi lu ilẹ̀kùn, Kúbúrá wó lù mí, ẹja ń fò jáde lẹ́yìn. Nígbà tí a fi dúró, ibi tí a ti ń bọ̀ la kọjú sí. Milísíà tó ń ṣọ́ oríta gbàgbé fèrè sẹ́nu. Ó yọ ọ́, ó ní: "Kámáráàdì, ta ló ní kí o wá jó yí ìràwọ̀ wa ká?"

Àfi bíi pé wọ́n ránṣẹ́ pè é, Lándìrófà Àkàndé dúró tì wá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ẹ kó ẹja wá síbí."

Kúbúrá dúró, ẹja ní ọwọ́ méjèèjì. Ọdún méjìlá ló fi ń gbọ́ "Ììììn" nídìí oúnjẹ. "Bàbá Sàrátù, ṣé ẹ sùdé rẹ̀ ni?"

Àánú Rájí ṣe mí. Ó wo Àkàndé, ó wo ilẹ̀. "Mo sùdé rẹ̀. Èmi Rájí. N kò lè fi mobilẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Òun ni mo fi fẹ́ ọ."

"Mobilẹ́ẹ̀tì! Ó kú sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi lọ́jọ́ náà, ẹ sì tì í wọlé, òógùn ń kán lára yín. Ọkùnrin tó ń tì í ni mo fẹ́." Ó yíjú sí Àkàndé. "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ pa ilẹ̀kùn yín dé."

A ṣa ẹja, a fọ̀ ọ́, kò sí èyí tó bàjẹ́. A rọra wa ọkọ̀ délé, ó ń ké ní gbogbo kọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Gbégamey sì ń sá tẹ̀ lé wa, wọ́n ń ké "Ììììn" lé Rájí lórí.

Ní òwúrọ̀, Rájí ti mobilẹ́ẹ̀tì lọ sí Agblangandan. Epo kún inú rẹ̀ o, ó kàn tì í ni. Pọ́ọ̀nù ọkọ̀ eré ìje ló gbé bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi wà lábẹ́ bàṣé.

Nígbà tí a tún dé Étoile Rouge, ó yí i, táyà kò ké rárá. "Ẹ tún yí i," ni Kúbúrá wí. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, títí milísíà fi fọn fèrè. Kúbúrá yọ orí síta, ó pariwo sí i: "Kámáráàdì, iṣẹ́ ọkọ mi nìyí!"